Èèpo Tí Kò Sí Nínú Garawa

Kò sí èèpo nínú garawa ìdọ̀tí náà. Ohun tí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kọ́kọ́ rí nìyẹn, tàbí ká kúkú ní ohun tí kò rí nìyẹn, ó sì tẹrí ba lé garawa náà bí ẹni tó ń wo ìsàlẹ̀ kànga. Ó rí àjákù aṣọ. Ó rí òwú dúdú àti òwú funfun tó ti lọ́ mọ́ra wọn, ó rí páálí tíì tó ti tán àti abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ kan tó ti kán. Èèpo èso kankan, kò sí níbẹ̀.

Lórí tábìlì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ, ápù tí wọ́n jẹ kù wà nínú àwo kékeré. Àárín rẹ̀ nìkan ló ṣẹ́kù, ibi tí eyín ti kàn án sì ti di àwọ̀ ilẹ̀. Lókè àti nísàlẹ̀, níbi tí eyín kò dé, èèpo pupa ṣì lẹ̀ mọ́ ọn. Páálí oògùn orí fífọ́ kan wà lẹ́yìn àwo náà, ẹyọ kan ti kúrò nínú rẹ̀. Abọ́ kan tún wà létí fèrèsé, àwọn ápù pupa inú rẹ̀ ń dán bí bàtà tuntun.

Àná ni wọ́n gbé òkú télọ̀ jáde nínú yàrá yìí.

Má-kánjú ni wọ́n ń pe ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ yìí ní àgọ́ ọlọ́pàá. Kì í ṣe pé wọ́n fi ń yìn ín. Ọ̀gá rẹ̀, tó kéré sí i lọ́jọ́ orí, ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí pé bí àwọn yòókù bá ti rí ohun tí wọ́n wá wò, tí wọ́n ti padà sínú mọ́tò, òun á ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀, á máa wo ẹsẹ̀ àga. Kò bá wọn jà sí i. Ó ti pẹ́ tó ti ń dá gbé, kò sì sí ohun tó ń kán an lójú láti lọ bá nílé.

Ìyá onílé dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé. Ó ní ẹsẹ̀ òun kò gbà. Ó ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ohùn ẹni tó ti ròyìn rẹ̀ fún gbogbo àdúgbò. Ọ̀sán ni. Télọ̀ parí aṣọ oníbàárà kan tó ti ń yọ ọ́ lẹ́nu, ó ká a mọ́ abíyá, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ máa sáré gun òkè lọ láti fi lé e lọ́wọ́. Nígbà tó ń padà bọ̀, ó ń họ ọrùn, ó ń họ àtẹ́lẹwọ́, ètè rẹ̀ ti wú bí ètè ẹni tí oyin ta. Ó ní kí ìyá fún òun lómi. Kí ìyá tó bu omi dé, ó ti ṣubú sídìí ẹ̀rọ rẹ̀, èémí kò sì rọ́nà gba ọ̀fun rẹ̀ kọjá mọ́.

"Ìyá, ta ló máa ń bá a da ìdọ̀tí nù?" Má-kánjú bi í.

"Òun fúnra rẹ̀ ni. Láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, ta ni ì bá tún bá a dà á?"

Orí kan yọ lójú fèrèsé. Ewúrẹ́ ni, abo, tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun. Ó gbé àgbọ̀n lé etí fèrèsé, ó ń wo ọlọ́pàá náà bí ẹni pé wọ́n ti jọ dá àkókò fún ara wọn tẹ́lẹ̀.

Ìyá onílé pòṣé. "Ẹ má dá a lóhùn, ọmọ mi. Ìyàwó télọ̀ ló bà á jẹ́. Tó bá ti dọ́sàn-án, á bó ápù fún ọkọ rẹ̀, èèpo náà á gùn bí okùn, kò ní já títí tó fi máa bó o tán, á wá jù ú síta fún aláìnítìjú yìí. Obìnrin náà ti kú, kò sẹ́ni tó tún ju nǹkan kan sí i, síbẹ̀ kò yé wá dúró."

"Télọ̀ fúnra rẹ̀ kì í ju èèpo sí i?"

"Èèpo wo? Ọkùnrin yẹn mọ aṣọ gé, kò mọ èso bó."

Má-kánjú ṣí dúrọ́ọ̀ tábìlì. Lábẹ́ téèpù tí télọ̀ fi ń wọn àwọn oníbàárà, ó bá ọ̀bẹ kékeré kan nínú àpò aṣọ tí wọ́n rán ní ìwọ̀n rẹ̀ gẹ́lẹ́, bọ́tìnnì kan sì wà lẹ́nu àpò náà. Ojú rírán rẹ̀ wẹ́, ó gún régé. Ẹni tó rán an kò fi iṣẹ́ náà ṣeré. Ṣùgbọ́n ọ̀bẹ inú rẹ̀ ti dógùn-ún.

"Ti ìyàwó rẹ̀ ni," ìyá onílé sọ láti ẹnu ọ̀nà, ohùn rẹ̀ sì rọlẹ̀. "Ọkọ ló rán ilé fún ọ̀bẹ náà."

Má-kánjú dá ọ̀bẹ padà sínú ilé rẹ̀, ó sì de bọ́tìnnì náà bí ó ṣe bá a.

* * *

"Bàbá, ẹjọ́ yìí ti jinná," ọ̀gá rẹ̀ wí nígbà tó dé àgọ́. "Ká kàn bù ú sáwo ló kù."

Ó là á sílẹ̀ fún un. Gbogbo ẹbí ló mọ̀ pé ara télọ̀ kì í gba ẹ̀pà láti kékeré. Bó bá kàn án lẹ́nu lásán, ojú rẹ̀ á wú. Dókítà tó yẹ òkú wò sì ti ní nǹkan tí ara rẹ̀ kọ̀ ló dí i lọ́fun. Ápù nìkan ló jẹ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Kò sì tíì pẹ́ tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò ní ilé àyẹ̀wò ọsibítù, tí wọ́n ní ara rẹ̀ kọ ẹ̀pà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò bá ápù jà rárá. Ta ló wá gbé ápù náà fún un? Àbúrò rẹ̀ obìnrin. Iṣẹ́ wo lòun ń ṣe? Alásè ilé-ẹ̀kọ́. Kí ni wọ́n bá nísàlẹ̀ àpò tó fi gbé ápù wá? Èérún ẹ̀pà. Àwọn aládùúgbò sì ti gbọ́ tí tẹ̀gbọ́n tàbúrò ń pariwo mọ́ra wọn.

"Ó fi ẹ̀pà ra ápù lára, ó gbé e fún un. Ọjọ́ Ajé la máa gbé e lọ sílé ẹjọ́."

"Ṣé ẹ̀pà wà lára àwọn ápù tó ṣẹ́kù, sà?"

"Kò sí."

"Èyí tó jẹ kù ńkọ́?"

"Kò sí lára ìyẹn náà. Ó lè jẹ́ pé ó fọ̀ ọ́ kó tó jẹ ẹ́."

"Bó bá fọ̀ ọ́, omi ti gbé ẹ̀pà lọ, sà. Bí kò bá sì fọ̀ ọ́, ó yẹ ká rí i."

Ọ̀gá pa fáìlì dé. "Bàbá, kí ló kù tí ẹ tún fẹ́ wò? Ẹsẹ̀ àga?"

Àwọn ọlọ́pàá tó jókòó nítòsí rẹ́rìn-ín. Má-kánjú náà bá wọn rín díẹ̀, ó wá bẹ ọ̀gá pé kó yọ̀ǹda òun títí di Ọjọ́ Ajé. Ọ̀gá ní kí ó máa lọ, ó ṣáà mọ̀ pé ọkùnrin yìí kò ní ibòmíràn tó ń lọ lópin ọ̀sẹ̀.

Àbúrò télọ̀ wà nínú yàrá tí wọ́n ti ń bi èèyàn ní ìbéèrè. Ẹkún ti tán lójú rẹ̀. Ó di ọwọ́ kan mú etí apá aṣọ rẹ̀, ó ń fi àtàǹpàkò wá ojú rírán kiri, Má-kánjú sì mọ ẹni tó rán aṣọ náà láì béèrè.

"Ẹ ò ní láti sáré dáhùn," ó sọ fún un. "Ìjà tí wọ́n gbọ́ yẹn, kí lẹ ń jà lé lórí?"

"Mo ní kó wá máa gbé lọ́dọ̀ mi, sà. Ó ní òun ò lọ. Ó ní bí òun bá kúrò níbẹ̀, ta ló máa mọ ibi tí aya òun máa ń jókòó sí? Mo bínú. Mo ní òkú ò nílò àga. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ nìyẹn."

Má-kánjú kọ ọ́ sílẹ̀. Ó wá béèrè nípa ẹ̀pà inú àpò. Obìnrin náà kò jiyàn. Àpò náà ló fi ń gbé gbogbo nǹkan, àti ti ilé àti ti ibi iṣẹ́. Nítorí náà gan-an ló ṣe fọ àwọn ápù náà lọ́kọ̀ọ̀kan nílé télọ̀, tó nù wọ́n, kó tó kó wọn sínú abọ́. Láti kékeré lòun ti ń ṣọ́ ẹ̀pà fún ẹ̀gbọ́n òun. Nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, òun ló máa ń kọ́kọ́ tọ́ oúnjẹ ẹlòmíràn wò kí ẹ̀gbọ́n òun tó jẹ ẹ́.

"Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ wà láyé, ṣé ó máa ń jẹ ápù?"

"Lójoojúmọ́, sà. Ìyàwó rẹ̀ á bó o, á gé e wẹ́wẹ́ bí ti ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ eyín. Mo máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́."

"Ẹnu rẹ̀ ò yún nígbà náà?"

"Rárá. Lẹ́yìn tí ìyàwó rẹ̀ kú ló bẹ̀rẹ̀. Ó ní bí òun bá ti jẹ ápù, ètè á máa ta òun, ọ̀fun á máa yún òun. Mo rò pé ìbànújẹ́ ni. Mo ṣáà ní kó lọ ṣe àyẹ̀wò, kò sì jẹ ápù mọ́ títí èsì fi dé. Èsì dé, wọ́n ní kò sí nǹkan. Inú mi dùn. Mo lọ ra èyí tó pupa jù." Ó wo ojú Má-kánjú fún ìgbà àkọ́kọ́. "Èmi ni mo ní kó jẹun, sà. Mo ní, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹun, wọ́n ti ní kò sí nǹkan."

* * *

Oògùn orí fífọ́ ló kọ́kọ́ wọ Má-kánjú lójú. Bí kì í bá ṣe ápù, tí kì í sì í ṣe ẹ̀pà, ẹyọ oògùn kan ló kù tó gba ẹnu télọ̀ kọjá lọ́sàn-án náà. Ó pe dókítà tó yẹ òkú wò lórí fóònù. Dókítà ní òun kò bá ẹ̀pà nínú ikùn rẹ̀, òun kò sì bá a lọ́fun. Ápù àti oògùn lòun bá.

Inú Má-kánjú bẹ̀rẹ̀ sí í dùn, ṣùgbọ́n kò lọ jìnnà. Ìyá onílé sọ fún un pé oògùn yẹn kan náà ni télọ̀ ti ń lò láti ọjọ́ tí òun ti mọ̀ ọ́n, bó bá ti ranjú mọ́ abẹ́rẹ́ pẹ́ jù. Kò ṣe é ní nǹkan kan rí. Má-kánjú tún pe dókítà padà.

"Oògùn náà ò lè dá a pa," dókítà wí. "Ṣùgbọ́n bí ara bá ti ń bá nǹkan jà, irú oògùn yẹn máa ń fẹ́ iná sí i. Kéèyàn tún sáré gun òkè lé e lórí, iná á ràn. Ohun tó ń yún ni lẹ́nu lásán lánàá lè pani lónìí."

"Kí wá ni nǹkan tí ara ń bá jà?"

"Ẹ̀yin lẹ máa sọ fún mi. Bí mo bá fi ojú ara mi wò ó, ápù ni mo máa pè é. Àmọ́ èsì ẹ̀jẹ̀ ní kì í ṣe ápù."

* * *

Ní ìrọ̀lẹ́, Má-kánjú ra ápù kan lọ́nà ilé. Yàrá rẹ̀ wà lókè pátápátá, ó sì máa ń gbọ́ bí àwọn ìdílé ìsàlẹ̀ ṣe ń pe ara wọn wá jẹun. Àwo kan, ife kan, ṣíbí kan ló wà létí ibi ìfọwọ́ rẹ̀. Ó fọ ápù náà, ó dúró síbẹ̀, ó sì gé e jẹ bí ó ṣe wà.

Ó ti jẹ ẹ́ dé ìdajì kó tó dáwọ́ dúró.

Ó wo ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Èèpo pupa lókè, èèpo pupa nísàlẹ̀. Ìyàwó òun náà máa ń gé èso sínú àwo fún òun nígbà kan, kí ó tó rẹ̀ ẹ́ láti máa gbé pẹ̀lú ọkùnrin tí kì í sọ̀rọ̀, kí ó tó kó ẹrù rẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ náà, kò rántí pé òun tún bó nǹkan kan rí. Ta ló fẹ́ bó o fún? Èèyàn á kàn dúró létí omi, á jẹ ẹ́ tèèpo-tèèpo, á ju ìyókù nù, á sì pa iná.

Ápù kan náà, ẹnu kan náà. Nígbà ayé ìyàwó télọ̀, ẹnu kò yún. Ìyàwó kú, ẹnu ń yún. Àbúrò rẹ̀ sọ ọ́ di ìbànújẹ́, kò sì jìnnà sí òótọ́. Ohun tó yí padà ni ọwọ́ tó wà láàárín ápù àti ẹnu.

Ó mú ọ̀bẹ, ó gbìyànjú láti bó ìdajì tó kù. Èèpo náà já, ó tún já, ó ń jábọ́ ní èérún-èérún bí ẹyẹ tí wọ́n ń hú níyẹ̀ẹ́. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù tó ń yí lọ́kàn rẹ̀. Bó bá jẹ́ èèpo ló pa á, kí ló dé tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fi ní kò sí nǹkan?

* * *

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni, kò sì yẹ kí èèyàn wà ní ilé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n obìnrin tó jẹ́ olórí ibẹ̀ wà níbẹ̀. Dókítà Ẹ̀jẹ̀ ni gbogbo ọsibítù ń pè é. Ó gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́, gílàsì ojú rẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ sórí imú. Ó gbé àga fún Má-kánjú pẹ̀lú ìdùnnú ẹni tí àlejò kì í sábà yà sọ́dọ̀ rẹ̀, ó sì ní bó bá jẹ́ òun ni ọsibítù fẹ́ tì mọ́lé lópin ọ̀sẹ̀, wọn ò nílò kọ́kọ́rọ́.

Nígbà tó gbọ́ ohun tó gbé e wá, inú rẹ̀ bàjẹ́ nítorí ikú télọ̀, ṣùgbọ́n kò fi iṣẹ́ rẹ̀ ṣeré. Ó ṣàlàyé. Tẹ́lẹ̀, wọn á kàn lọ odidi èso pọ̀, wọn á da omi rẹ̀ pọ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ aláìsàn, wọn á wò ó bóyá ẹ̀jẹ̀ náà máa gbá a mú. Àyẹ̀wò náà kò dára tó. Ohun tó wà nínú èso máa ń tètè bàjẹ́. Ẹlòmíràn á ní ápù ń pa òun lára, ẹ̀jẹ̀ á dákẹ́. Ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn á pariwo, olúwarẹ̀ á sì máa jẹ ápù láyọ̀. Òun ti ń wá bí yóò ṣe sunwọ̀n sí i láti ọjọ́ pípẹ́. Ní báyìí, òun a máa ya àwọn èròjà inú èso sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, òun a fi ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn bi ẹ̀jẹ̀ ní ìbéèrè.

"Bí ẹ̀yin náà ṣe ń ṣe é ni," ó wí. "Ẹ kì í bi gbogbo afurasí ní ìbéèrè pa pọ̀ nínú yàrá kan."

Má-kánjú ní òótọ́ ni. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀wọ́ ṣe é lójú òun láti ìbẹ̀rẹ̀, látìgbà tí ápù bá ti wọlé. Dókítà Ẹ̀jẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní kò sẹ́ni tó ní kí òun ṣe irú ẹ̀ rí, àfi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n fipá mú. Ó wọ ìbọ̀wọ́. Ó mú ápù kan nínú fíríìjì, ó fọ̀ ọ́, ó fi omi mìíràn ṣan án, ó nù ún. Ó mú ọ̀bẹ. Ó ń sọ̀rọ̀ lọ nípa ẹ̀rọ tuntun tí wọ́n ṣèlérí fún un, ọwọ́ rẹ̀ sì ń yí ápù náà bí ẹni tó ti ṣe é títí ó fi kúrò ní ohun tí à ń ronú sí. Èèpo pupa náà ń já bọ́ sínú garawa lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

"Dókítà," Má-kánjú pè é jẹ́jẹ́. "Kí lẹ ń ṣe yẹn?"

"Mò ń fọ ápù mọ́."

"Ẹ ti fọ̀ ọ́."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó wo ọ̀bẹ. Ó ní ara èèpo ni oògùn kòkòrò máa ń lẹ̀ mọ́, àti ìda tí wọ́n fi ń mú èso dán, wọ́n sì máa ń da àyẹ̀wò rú. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gá tó kọ́ òun níṣẹ́ ṣe ń ṣe é. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn níbí ṣe ń ṣe é. Kò sẹ́ni tó máa gbé èso tí wọn ò bó wọ yàrá yìí, ẹ̀gàn ló máa jẹ́. Ohùn rẹ̀ ń lọ sílẹ̀ bí ó ṣe ń sọ ọ́.

"Ẹni tẹ́ ẹ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, tèèpo-tèèpo ló jẹ ẹ́," Má-kánjú wí. "Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ ń bó o fún un, kò sí nǹkan tó ṣe é. Ẹ̀yin náà bó o. Ẹ̀yin àti ìyàwó rẹ̀, ápù kan náà lẹ fún un. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fi dákẹ́."

Dókítà Ẹ̀jẹ̀ bọ́ gílàsì ojú rẹ̀, ó tún gbé e wọ̀. Ó ní òun mọ̀ ọ́n. Òun mọ̀ ọ́n nínú ìwé. Èròjà kan wà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé inú èèpo nìkan ló ń gbé, alágídí èròjà ni, iná kì í pa á, ikùn kì í tètè dà á. Gbogbo afurasí yòókù lòun ti yà sọ́tọ̀ tí òun fi ìbéèrè wá lẹ́nu wò, òun fúnra òun ló sì ń ju ọ̀daràn sínú garawa ní àràárọ̀.

Ó bẹ̀rẹ̀ sídìí garawa, ó sì kó èèpo náà jáde.

Ìyókù ẹ̀jẹ̀ télọ̀ ṣì wà nínú fírísà, nítorí wọn kì í tètè da ẹ̀jẹ̀ nù níbẹ̀. Ó lọ èèpo lọ́tọ̀, ó lọ inú ápù lọ́tọ̀. Lórí ike pẹlẹbẹ kan tó kún fún ihò kéékèèké, ó fi omi inú ápù pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ télọ̀ sínú ihò kan, ó fi omi èèpo pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ télọ̀ sínú ìkejì, ó sì fi omi èèpo pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ sínú ìkẹta, nítorí òun a máa jẹ ápù, kì í ṣe òun ní nǹkan kan. Bí ẹ̀jẹ̀ bá gbá nǹkan mú, ihò rẹ̀ á yí àwọ̀ padà. Wọ́n jókòó, wọ́n ń dúró. Ó béèrè lọ́wọ́ Má-kánjú bóyá ó ní ìdílé, Má-kánjú ní òun ti ní i rí. Dókítà náà ní ìyá òun nìkan ló kù, ìyá ọ̀hún ló sì kọ́ òun pé ọmọ tó níláárí kì í jẹ èso láì bó o.

Ihò àkọ́kọ́ mọ́ gaara bí omi òjò. Ìkẹta náà mọ́. Èyí tó wà láàárín bẹ̀rẹ̀ sí í di búlúù, díẹ̀díẹ̀, títí ó fi ṣú bí ìgbà tí tàdáwà bá dà sínú ife.

Dókítà Ẹ̀jẹ̀ wò ó títí. "Èmi ni mo ní kò sí nǹkan," ó wí. "Ẹ fi orúkọ mi sí i."

"Dókítà, ǹjẹ́ ẹ ti sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn fún ẹlòmíràn?"

Dókítà Ẹ̀jẹ̀ bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó fa fóònù orí tábìlì sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Má-kánjú ti dé ìdajì ọ̀dẹ̀dẹ̀ kó tó gbọ́ ohùn rẹ̀ tó ń sọ fún ẹnì kan pé ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì jẹ ẹ́, ẹ máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi.

* * *

Ọ̀gá jókòó ti àlàyé náà láì já lu ọ̀rọ̀. Ó ní kó tún ibi tí èèpo ti wọ̀ ọ́ sọ. Ó ní kó tún ti ọ̀bẹ sọ. Ó pe dókítà tó yẹ òkú wò, ó pe Dókítà Ẹ̀jẹ̀, ó gbé fóònù sílẹ̀, ó sì fọwọ́ nu ojú.

"Bàbá," ó wí, "ewúrẹ́ ló kọ́kọ́ fura?"

"Òun ló kọ́kọ́ mọ̀ pé èèpo ò jáde mọ́, sà."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá ní kí wọ́n lọ ṣí ilẹ̀kùn fún obìnrin náà.

Wọ́n dá a sílẹ̀ kí ilé ẹjọ́ tó ṣí. Má-kánjú ló bá a padà sí yàrá télọ̀ láti kó ẹrù, nítorí kò sí ẹlòmíràn tó máa bá a lọ. Lọ́nà, ó ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un: èèpo, oògùn, òkè tó sáré gùn. Obìnrin náà gbọ́ ọ tán. Ó béèrè bóyá ìyàwó ẹ̀gbọ́n òun mọ̀.

"Mi ò rò bẹ́ẹ̀," Má-kánjú wí. "Ó kàn ń bó o fún un ni."

"Èmi wá gbé e fún un tèèpo-tèèpo."

Má-kánjú wá ọ̀rọ̀ tó máa fi tù ú nínú, kò rí èyí tí kì í ṣe irọ́. "Wọ́n sọ fún yín pé kò sí nǹkan," ó wí níkẹyìn. "Ẹ gbà wọ́n gbọ́."

Nínú yàrá, ó gbé abọ́ ápù tí àgọ́ ọlọ́pàá ti yọ̀ǹda sórí tábìlì, ó ṣí dúrọ́ọ̀, ó sì fún un ní ọ̀bẹ inú àpò aṣọ. Obìnrin náà mọ iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó fi àtàǹpàkò tọ ojú rírán náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Àga méjì ló wà nídìí tábìlì. Ó wo èyí tó kọjú sí fèrèsé, ó kọ̀ láti jókòó lé e, ó jókòó sórí ìkejì.

Ó mú ápù kan. Ó fi etí aṣọ nu ìpẹtà ojú ọ̀bẹ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bó o, jẹ́jẹ́, láti òkè wá. Alásè ni, ọwọ́ rẹ̀ mọ ọ̀nà. Èèpo náà ń gùn sí i, ó ń ká sórí tábìlì bí téèpù télọ̀, kò sì já. Nígbà tó bó o tán, ó gé ápù funfun náà wẹ́wẹ́ sínú àwo kékeré, ó tì í síwájú àga tó ṣófo. Kò jẹ ẹ́. Má-kánjú náà kò jẹ ẹ́.

Ọ̀sán ti pọ́n. Àgbọ̀n onírùngbọ̀n funfun kan gbé ara lé etí fèrèsé.

Obìnrin náà dìde, ó gbé okùn pupa náà nà síta. Ewúrẹ́ wò ó lójú fún ìgbà díẹ̀, bí ẹni pé ó fẹ́ dá a mọ̀. Lẹ́yìn náà ló gba èèpo náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ń jẹ ẹ́ lọ láti ìparí kan dé ìkejì, nígbà tí àwọn méjèèjì dúró tí wọ́n ń gbọ́ bó ṣe ń rún un.